Okùn Tó Ń Ké Bó Bá Kan Omi

Ní ìlú tí mo wà yìí, èèyàn lè kọjá lára ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ nínú òtútù kó má sọ nǹkan kan. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù, mo sì ti kó aṣọ dání. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọn kì í kí òṣìṣẹ́.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n rán mi pé kí n gbé àwọn àpò òfìfo kan lọ fún àwọn tó wà lórí pápá. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀ lu. Atẹ́gùn ń fẹ́, imú wọn ti pọ́n. Ara mi kò gbà pé kí n dé ibẹ̀ kí n má kí wọn. Mo wá "ẹ kú iṣẹ́" nínú Gẹ̀ẹ́sì, n kò rí i, mo bá sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Ẹdẹ:

"Wẹ́ẹ̀lì dọ́ọ̀nù o."

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Kólìn, gbójú sókè. Ó wo ẹ̀rọ, ó tún wò mí.

"Kí la ṣe tó dáa?" ó bi mí. "A ò tí ì bẹ̀rẹ̀."

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn náà rò pé èmi ni mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbé àpò wọn kalẹ̀, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ wa ń ṣe ni pé a máa ń lọ wo ilẹ̀ kí àwọn mìíràn tó kọ́ nǹkan lé e lórí, ìbáà jẹ́ ilé ìwé tàbí afárá tàbí ọ̀nà. Wọ́n á dá ilẹ̀ lu, wọ́n á fa èyí tó wà nísàlẹ̀ jáde ní gígùn bí ìrèké, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á kó o wá sí yàrá tí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gbà mí fún níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa fọ àwọn asẹ́. Láti ibi asẹ́ ni mo ti dé ibi òṣùwọ̀n. Aránṣọ ni mí nílé kí n tó wá, ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ṣùgbọ́n ojú mi mọ́ wíwọn nǹkan, ọwọ́ mi kì í sì í gbọ̀n.

Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ tí wọn ò gbà mọ́. Èèyàn á mú amọ̀ tó rin díẹ̀, á máa fi ọwọ́ yí i lórí dígí títí tí yóò fi dà bí okùn tín-ín-rín. Bí ó bá tètè já, ilẹ̀ náà kò fẹ́ràn omi. Bí ó bá ń gùn tí kò já, ilẹ̀ tó ń mu omi sára nìyẹn. Yóò wú lójò, yóò fún pọ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ilé tó bá wà lórí rẹ̀ yóò sì máa bá a lọ sókè bọ̀ sílẹ̀ títí ògiri yóò fi là. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ó jọ ohun tí a lè ṣe níwájú ilé lọ́wọ́ ọ̀sán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan Kólìn wọlé, n kò tí ì bọ́ aṣọ òtútù lára.

"Wẹ́ẹ̀lì dọ́ọ̀nù," ó ní.

"A ò tí ì bẹ̀rẹ̀," mo dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kí mi bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀. Bí mo bá kà á sí ìṣẹ́gun, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti gbé níbi tí wọn kì í kí ni mọ iye tí ìkíni tó.

Nígbà mìíràn mo máa ń bá Kólìn lọ wo omi. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dá ilẹ̀ lu tán, wọ́n máa ń fi páìpù sílẹ̀ nínú ihò náà. Okùn ìwọ̀n gígùn kan wà tí irin wà lẹ́nu rẹ̀. A ó máa tú u lọ sísàlẹ̀ páìpù, nínú òkùnkùn tí ojú ò tó, bí irin náà bá sì ti kan omi, okùn yóò ké pìì. A ó wo ibi tí ó wọlé dé, a ó kà á, a ó lọ. Tí oṣù bá yípo, a ó tún padà wá sídìí páìpù kan náà.

"Ṣé a ò ti mọ ibi tí omi wà ni?" mo bi í lẹ́ẹ̀kan, nítorí ó ti rẹ̀ mí, ẹrẹ̀ sì ti wọ bàtà mi.

"A mọ ibi tó wà lóṣù tó kọjá," ó ní. "Omi kì í jókòó sójú kan. Tí o bá bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tó o fẹ́ gbọ́ ló máa sọ fún ẹ."

Ó ń rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kọ ọ́ báyìí láì fi nǹkan kan bò ó. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ọmọ mi obìnrin, òun tí mo tìtorí rẹ̀ wá, iṣẹ́ ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ọkọ mi sì ti kú kí n tó kúrò nílé. Bí mo bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ó lè jẹ́ pé lórí ìrun nìkan ni mo ti máa la ẹnu títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Wọ́n máa ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo máa ń ní Ẹdẹ. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo máa ń ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣogbo. Wọn ò mọ Òṣogbo. Mo ní láti máa fẹ ìlú mi lójú: Ọ̀ṣun, Nàìjíríà, Áfíríkà. Nígbà tó bá fi fẹ̀ dé ibi tí wọ́n mọ̀, kì í ṣe ilé mi mọ́. Ní Ẹdẹ, èèyàn kò ní bi mí pé ìlú wo. Agboolé wo ni yóò bi mí, bí mo bá sì ti sọ ọ́, ó ti mọ ìyá mi àti ohun tí bàbá mi ṣe.

Ohun tí bàbá mi ṣe ni pé ó fún mi nílẹ̀. Ọ̀nà Alájùé ni ilẹ̀ náà wà. Ariwo ta ní agboolé wa lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ta ló ń fún obìnrin nílẹ̀, ṣé kí ará ilé ọkọ lè rí i gbà lọ ni? Bàbá mi mú mi lọ síbẹ̀, ó gbin pèrègún sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní, "Bí o bá lọ títí, ibí ni o máa bọ̀." Kò mọ̀ pé ìlú Òyìnbó ni mo máa lọ. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni.

Lẹ́yìn tó kú, àbúrò rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré di olórí ẹbí. Ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé nǹkan. Ọdọọdún ló ń rán Múfútáù, àbúrò mi ọkùnrin, sí mi pé ilẹ̀ tí a kò bá ṣe nǹkan kan sí, ilẹ̀ ẹbí ni. Nínú ọyẹ́ èṣí ó wá là á mọ́lẹ̀: bí ọyẹ́ mìíràn bá dé tó sì lọ, tí nǹkan kan kò dúró lórí ilẹ̀ náà, òun á pín in fún àwọn ọmọkùnrin. Ìyá mi ń gbé nínú ilé àtijọ́ ní agboolé, nínú yàrá tí òjò ń jò sí. A sọ pé ká kọ́lé síbẹ̀. Ìyá á bọ́ lọ́wọ́ òjò, ilẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Kékeré, èmi náà á sì ní ibi tí mo máa bọ̀.

Nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ihò síbẹ̀ nínú ọyẹ́ náà kí a wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Wẹ́dà tó ń jó irin ni Múfútáù ní oríta Sẹ̀kọ̀nà, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ sókè lórí fóònù bí ẹni pé ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀! Mo mú Bàbá Ràjí agbẹ́kànga lọ. Ó gbẹ́ ẹ títí ó fi mù ún dé ọrùn. Omi ò sí! Ó gbẹ bí eegun!"

"Ìgbà wo ló gbẹ́ ẹ?"

"Lánàá. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn kì í gbẹ́lẹ̀ lójò."

Mo mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Àwọn agbẹ́kànga wa kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí ọyẹ́ bá ti mú, tí odò bá ti fà. Omi tí èèyàn bá bá lójò lè jẹ́ àlejò, èyí tí èèyàn bá bá nínú ọ̀gbẹlẹ̀, onílé ni. Ọgbọ́n gidi ni, fún ẹni tó ń wá omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ́lé, àlejò yẹn gan-an ló yẹ kó máa bẹ̀rù. Bàbá Ràjí ti fi ọgbọ́n kànga gbẹ́ ihò ilé. Ó bi omi léèrè nígbà tí omi kò sí nílé.

Mo ní kí Múfútáù bu amọ̀ ìsàlẹ̀ ihò náà, kó wọ́n omi sí i, kó máa yí i lórí pákó ní ìsọ̀ rẹ̀, kí n máa wò ó nínú fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé nítorí èyí lẹ ṣe lọ Òyìnbó? Bàbá ọlọ́mọ ń fi amọ̀ ṣeré! Tí àwọn oníbàárà mi bá rí mi ńkọ́?"

"Yí i. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù."

Ó yí i. Amọ̀ náà funfun díẹ̀, ó gùn, ó tún gùn, ó ń tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ kò já. Múfútáù gbé e sókè, ó ń mì bí ejò kékeré.

"Kí ló wí?" ó bi mí.

"Ó ní òun ń mu omi."

"Ẹ ò rí nǹkan! Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ o."

Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kó fún wọn ní fóònù.

"Ìyá, kí ni Bàbá wa máa ń gbìn síbẹ̀?"

"Síbo? Sí àkùrọ̀?"

Wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni sọ orúkọ ọmọ.

"Kókò ni. Àti ẹ̀fọ́. Ṣé o ti gbàgbé ni? Tí oko gbogbo ayé bá ti ń gbẹ, tiwa ṣì ń tutù. Ìwọ lo máa ń ru ẹ̀fọ́ wálé."

Àkùrọ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti gbin pèrègún, "ilẹ̀ mi" ni mò ń pè é, títí orúkọ rẹ̀ fi bọ́ lọ. Àwọn tó sọ ọ́ ní àkùrọ̀ ti fi orúkọ yẹn sọ gbogbo ohun tí okùn Kólìn lè sọ, kí a tó bí mi.

Múfútáù gba fóònù padà. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Tí a bá dúró de òjò, ọdún ti lọ nìyẹn. Bàbá Kékeré ò ní dúró."

"Jẹ́ kí a rí òjò kan."

"Gbogbo ilé tó wà ní Ẹdẹ yìí, ta ló yí amọ̀ kó tó kọ́ ọ? Ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ̀rù ilẹ̀ ń bà yín. Àwa tí à ń tẹ̀ ẹ́, kò bà wá."

"Múfútáù, Ìyá ló máa sùn nínú ẹ̀."

Mo gbọ́ tí ọkọ̀ kan fun fèrè kọjá ní oríta.

"Fi pákó bo ihò náà," mo ní, "kí ọmọ ẹnikẹ́ni má jìn sí i. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ká tún un wò."

Bí mo ṣe fi ilẹ̀ mi ta tẹ́tẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù nìyẹn. Ní agboolé, ọ̀rọ̀ ń lọ. Wọ́n ní ẹni tó wà ní ìlú Òyìnbó tí kò rí ilé kọ́ ni mí, wọ́n ní amọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Níbi iṣẹ́, ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ń gba ọwọ́ mi kọjá. Bó bá mu omi, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo fọ ọwọ́. Kò kàn mí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà tí mo mọ ohun tí ó sọ, tí mo sì ń gbàdúrà lórí ẹní ìrun pé kó jẹ́ irọ́ ló pa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, òjò ti ń rọ̀ nílé, mò ń jẹ búrẹ́dì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí a fi ń mú amọ̀ gbẹ, nítorí ibẹ̀ ló móoru. Fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ẹ tẹ́tí."

Mo gbọ́ ariwo kan, ó nípọn, ó pọ̀, ó ń dáhùn ara rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Ayálégbé yín ni," ó ní. "Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti ṣílé ṣáájú yín. Wọ́n ti kó tẹbí tará wọlé, ìyàwó ń bẹ níbẹ̀, ọkọ ń bẹ níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà yí padà di ẹkún.

"Omi náà dé ibo?"

"Ó ku díẹ̀ kó dé ẹnu ihò." Ó fi àwàdà sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní a ti kọ́ ọ ni..."

Kò parí rẹ̀, n kò sì ní kó parí rẹ̀. Okùn mi ló ké yẹn. Ó gba orí òkun kọjá, ó sì kan omi. Mo jẹ búrẹ́dì mi tán, nítorí iṣẹ́ ṣì kù, mo padà sídìí dígí mi.

Ìyá mi ò bínú. Wọ́n ní àwọn kàn ti ń fojú inú wo fèrèsé kan tó máa kọjú sí títì, tí àwọn á máa ti ibẹ̀ kí èèyàn. "Kò burú," wọ́n ní. "Ilé àtijọ́ yìí ò tí ì lé mi." Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Bàbá Ràjí ló kọ́kọ́ rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó wá wo ihò rẹ̀, ó bá Múfútáù tó fajúro dúró tì í.

"Omi lẹ ń sunkún sí?" ó ní. "Àwọn ará òkè yín ọ̀hún ń gbé korobá kiri lẹ́ẹ̀rùn, ẹ̀yin ń sunkún pé ẹ ní omi! Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ, ilẹ̀ tó kọ ilé kì í kọ kànga. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé, kí n wá bi í bóyá onílé ni àbí àlejò."

Mo rò ó títí. Kànga kì í ṣe ilé. Ìyá mi kò lè sùn nínú rẹ̀, èmi náà kò lè darúgbó sínú rẹ̀. N kò sì mọ̀ bóyá Bàbá Kékeré á kà á sí nǹkan tó dúró, nítorí ohun tó wọlẹ̀ ni, kò yọrí sókè. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti ń bọ̀, n kò ní nǹkan mìíràn. Mo ní kí Bàbá Ràjí gbẹ́ ẹ, ní orúkọ bàbá mi, sàráà fún ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ bá ń gbẹ.

Ó gbẹ́ ẹ nínú ọyẹ́, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ. Ó gbẹ́ kọjá ibi tó dúró sí lẹ́ẹ̀kínní, ó gba inú amọ̀ funfun kọjá, ó dé ibi yanrìn tó le bí òkúta. Ọjọ́ kan kọjá, omi ò yọ. Òmíràn kọjá. Múfútáù ò pè mí, èmi náà ò sì pè é. Ìgbà tó wá pè, kò pariwo.

"Onílé ni," ó ní.

Wọ́n fi kọnkéré róbótó tẹ́ inú rẹ̀ dókè. Búlọ́ọ̀kù tí ìbá di ilé, wọ́n fi mọ ògiri kékeré yí ẹnu rẹ̀ ká, àwọn obìnrin ọ̀nà oko sì ti ń fa omi kí símẹ́ǹtì tó gbẹ.

Bàbá Kékeré lọ wò ó. Múfútáù ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní wọ́n fi ọ̀pá wọn kan ilẹ̀ yíká, wọ́n sì yọjú wo inú kànga. Ni ìyàwó wọn kékeré bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú korobá lórí. Kò mọ̀ pé ọkọ òun wà níbẹ̀.

"Ìwọ náà ń pọn níbí?" Bàbá Kékeré bi í.

"Ẹ̀yin náà ń mu ún nílé," ìyàwó wọn dáhùn. "Tàná náà ńkọ́? Ṣebí ẹ ní ó tutù."

Múfútáù ní òun kọjú síbòmíràn kí wọ́n má rí ẹ̀rín ẹnu òun.

Ọyẹ́ lọ. Mò ń dúró de iṣẹ́ tí wọ́n máa ń rán sí mi lọ́dọọdún. Ó dé lóòótọ́. Múfútáù sín wọn jẹ bí ó ti máa ń ṣe, ó fi imú sọ̀rọ̀:

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kànga rẹ̀ ò ní ìdérí. Kànga tí kò ní ìdérí, ewúrẹ́ á jìn sí i. Kí ó ṣe ìdérí sí kànga rẹ̀."

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. *Kànga rẹ̀* ni wọ́n ní, ẹ̀ẹ̀mejì, wọn ò sì mẹ́nu kan ilẹ̀ ẹbí.

Múfútáù ló jó ìdérí náà fúnra rẹ̀ ní oríta Sẹ̀kọ̀nà, irin ni, ó fi àgbékọ́ sí i kó lè máa ṣí. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, obìnrin ará Ìbàdàn kan tí mo bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí bi mí bí àwa ará ilé ṣe máa ń bi ara wa níbí, pé ṣé mo ti kọ́lé sílé. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé.

"Rárá," mo ní. "Mi ò ní ilé ní Ẹdẹ. Kànga ni mo ní. Ó ní ìdérí."